A Kì Í Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ

Ọwọ́ ọkùnrin náà ni Fèyísọ́lá kọ́kọ́ rí, kó tó wo ojú rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni, ó gùn, ó gba orí kọjá, ó sì na ìka mú etí òsì bí ẹni tó fẹ́ fa ara rẹ̀ létí. Ojú kọ̀ǹpútà ló ti rí i, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, kálukú nínú fèrèsé kékeré tirẹ̀. Ohun tó wá ya Fèyísọ́lá lẹ́nu ni pé ọwọ́ tirẹ̀ náà ti wà lórí, etí òsì ló dì mú.

Frau Lindner, olùkọ́ wọn, ló fà á. Ẹ̀kọ́ nípa ìdàgbàsókè ọmọ ènìyàn ni wọ́n ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan, láti inú oyún títí dé ọjọ́ ogbó. Ó bi wọ́n pé báwo ni àwọn òbí àtijọ́ ṣe ń mọ̀ pé ọmọ ti tó ilé ìwé lọ. Àwọn tó kù ń ronú. Àwọn méjì yìí kò ronú rárá. Ta ni bàbá tàbí ìyá rẹ̀ kò sọ ọ́ fún, pé ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá gba orí kọjá kan etí kejì ti tó ilé ìwé lọ, èyí tí tirẹ̀ kò bá tó o, kó padà sílé lọ máa jẹun sí i?

Frau Lindner rò pé ọrùn ló ń dùn wọ́n.

Kó tó di pé ẹ̀kọ́ parí, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ti wọlé sọ́dọ̀ Fèyísọ́lá. "Ẹ kú ẹ̀kọ́ o. Mo rí i pé ọwọ́ yín tó etí. Ẹ ti lè wọ ilé ìwé."

Ó dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣé. Tiyín ni kò dá mi lójú. Ẹ lọ jẹun sí i."

Adéọpẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ilé kọfí kan ní Kreuzberg, ní Berlin, ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ń wá ìwé ẹ̀rí tí yóò fi di olùkọ́ àwọn ọmọ kékeré. Fèyísọ́lá ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Kita kan ní Wilhelmsburg, ní Hamburg, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ kí àwọn òbí wọn lè lọ síbi iṣẹ́. Olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, orúkọ náà sì ti sú u.

Àtẹ̀jíṣẹ́ di ìpè, ìpè di ohun tí wọn kò lè ṣe aláìṣe. Ní ìpè kejì ni Adéọpẹ́ ti sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

"Mo lọ́mọ kan o. Morísọ́lá, ọmọ ọdún mẹ́rin. Mummy ẹ̀ wà ní Canada, ó ti fẹ́ ẹlòmíì, kò sí ìjà láàárín wa mọ́. Tí ìyẹn bá máa lé ẹ, jọ̀ọ́, tètè sá."

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí," ni Fèyísọ́lá wí. "Mi ò lè sá."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Berlin lópin ọ̀sẹ̀. Adéọpẹ́ á se ìrẹsì, á din dòdò, àwọn mẹ́ta á jókòó yí tábìlì kékeré ká. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ ni Morísọ́lá ń sá sí. Nígbà tó yá, ó ń jókòó ti Fèyísọ́lá, ó ń fi ìka ka ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀. Fèyísọ́lá fẹ́ràn bàbá, ó fẹ́ràn ọmọ, kò sì mọ èyí tó ṣáájú. Ṣùgbọ́n ojú Kita kò sinmi. Ó ń rí i pé Adéọpẹ́ ló ń fi síbí bọ́ ọmọ náà, òun ló ń wọ̀ ọ́ ní bàtà, tí ẹnikẹ́ni bá sì bi ọmọ léèrè, bàbá á ti dáhùn.

Ìyá Fèyísọ́lá, Ìyáàfin Oyèníkẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù ìdirun ní Steilshoop, ní Hamburg kan náà, ahọ́n rẹ̀ sì mú ju ìyàrí rẹ̀ lọ. Nígbà tó gbọ́, ó ní, "Ọkùnrin ọlọ́mọ? Fèyí, ẹni tó máa bá a tọ́mọ ló ń wá. Mi ò bí ẹ kó o wá máa ṣe nanny."

"Màámi, ẹ ò tíì rí i."

"Mi ò sì fẹ́ rí i."

Fèyísọ́lá gbàgbọ́ pé bó pẹ́ bó yá, òun yóò rọ ìyá òun lọ́kàn. Kò mọ̀ pé ọwọ́ ara òun lòun máa fi da omi sí iná ìfẹ́ náà.

Frau Lindner ní kí kálukú sọ fún kíláàsì nípa ọmọ kan tó ti fara balẹ̀ wò. Fèyísọ́lá kò lè sọ nípa ọmọ Kita, nítorí Datenschutz, òfin tó ní kí a má gbé ọ̀rọ̀ onílé síta láìgba àṣẹ. Ó yẹ kí ìyẹn ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ó kàn yọ orúkọ Morísọ́lá kúrò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́rin kan wà tí bàbá rẹ̀ ṣì ń fi síbí bọ́. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wọ bàtà fúnra wọn. Ó ní ọmọ náà kò ní àléébù kankan, bàbá ni kò jẹ́ kó dàgbà.

Frau Lindner yìn ín gan-an. Inú Fèyísọ́lá dùn fún ìṣẹ́jú kan, àfi ìgbà tó wo fèrèsé Adéọpẹ́ tó rí i pé ó ti ṣókùnkùn.

Ó pè é lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ohùn Adéọpẹ́ kò le, ìyẹn ló tilẹ̀ dùn ún jù.

"Ohun tó o sọ lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, Fèyí. Orí tábìlì mi lo ti jẹun. Ibẹ̀ ló yẹ kó o ti sọ ọ́ fún mi. Mi ò mọ̀ bóyá mo tún lè ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó ń wo ọmọ mi bí assignment."

Láti ọjọ́ náà, kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Fèyísọ́lá sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ó lọ sí Steilshoop lọ bá ìyá rẹ̀, ó rò pé yóò dúpẹ́ pé ó tán. Ìyáàfin Oyèníkẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó gbé ìyàrí sílẹ̀.

"O ka ọmọ ọlọ́mọ lójú gbogbo ayé? Àwa kọ́ la tọ́ ẹ bẹ́ẹ̀ yẹn. Ìta lo ti ṣẹ̀ ẹ́, ìta ni wàá ti bẹ̀ ẹ́. Mi ò ní kó o fẹ́ ẹ o. Mo ní kó o bẹ̀ ẹ́."

Nígbà tí kíláàsì tún pé, Fèyísọ́lá tọrọ àyè. Ó ní bàbá ọmọ tí òun sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà láàárín wọn, òun kò sì gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun kò sọ pé ọkùnrin náà kọ iṣẹ́ tó sàn ju ilé kọfí lọ, kó lè máa wà nílé tí ọmọ bá dé. Òun kò sọ pé ọmọ náà máa ń rẹ́rìn-ín títí yóò fi máa wúkọ́. Ohun tí òun rí nínú ilé, òun gbé e síta, òun sì jẹ̀bi.

Lẹ́yìn náà, ó kúnlẹ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí kámẹ́rà kò bá a kúnlẹ̀. Àga òfìfo àti ògiri nìkan ló kù nínú fèrèsé rẹ̀.

"Frau Ògúnbíyìí?" ni Frau Lindner fi orúkọ bàbá rẹ̀ pè é. "Sind Sie noch da?" Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní bóyá ó ti dákú, kí wọ́n pe ọkọ̀ aláìsàn. Ẹnìkan ti ń béèrè àdírẹ́sì rẹ̀. Ìgbà náà ni fèrèsé tó ṣókùnkùn láti ọjọ́ yìí wá mọ́lẹ̀, tí ojú Adéọpẹ́ yọ.

"Kò sí ohun tó ṣe é," ó ṣàlàyé fún wọn. "Ó kúnlẹ̀ ni. Èmi ló ń bẹ̀." Ó wá yí ahọ́n padà sí Yorùbá. "Fèyí, dìde. Ilẹ̀ Hamburg tutù."

Ohùn kan dáhùn lábẹ́ tábìlì. "Ṣé o ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi?"

"Mo ti gbọ́. Dìde, jàre, wọ́n ti fẹ́ gbé ẹ lọ sí ilé ìwòsàn."

Kò pẹ́ tí ẹ̀kọ́ parí tí Adéọpẹ́ pè é. "Láàárọ̀ yìí, mo jẹ́ kí Morísọ́lá wọ bàtà ẹ̀ fúnra ẹ̀. A pẹ́ dé Kita."

"Ṣé ó wọ̀ ọ́?"

"Òsì sí ọ̀tún. Ó kọ̀ kí n bá a tún un ṣe. Ẹ̀rù ló ń bà mí, Fèyí. Tó bá ń ṣe gbogbo ẹ̀ fúnra ẹ̀, kí ló kù tí mo máa ṣe fún un?"

"Ó kù kó o máa fẹ́ràn ẹ̀. Tó bá sì ṣẹ́ kù díẹ̀, olólùfẹ́ mi, kó o bù fún èmi náà."

Ọjọ́ Àìkú kan tí oòrùn yọ ni Adéọpẹ́ mú ọmọ rẹ̀ wá sí Steilshoop láti kí Ìyáàfin Oyèníkẹ́. Láti Berlin ló ti ń fi ohun tó fẹ́ sọ dánra wò nínú ọkọ̀ ojú irin. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ìyá ní kó dìde, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Mo ní ìbéèrè kan. Ṣé ìyàwó lò ń wá ni, àbí ẹni tó máa bá ẹ tọ́mọ?"

"Mà, kí n tó mọ Fèyísọ́lá, ọmọ mi ń jẹun, ó ń sùn, ó ń lọ sí Kita. Nǹkan kan ò ṣe é. Èmi ni mi ò ní ẹnì kejì."

Orí ọmọ ni ìyá ń wò. Irun tí wọ́n dì sórí Morísọ́lá wọ́ bí ọ̀nà oko, apá kan ga, apá kan ti ń tú.

"Ta ló di irun yìí?"

"Èmi ni, mà. YouTube ni mo fi kọ́ ọ. Gbogbo Sunday ni mo ń dì í. Ṣùkú ni mo ní lọ́kàn."

"Ṣùkú kọ́ lèyí. Mi ò mọ ohun tó jẹ́." Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó mọ bí irun ọmọdé ṣe ń gba sùúrù tó. Ẹni tó ń wá ọmọ ọ̀dọ̀ kò ní máa jókòó di irun ọmọ rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ó fa àpótí ìjókòó sún mọ́ ara, ó gbé Morísọ́lá sáàárín orúnkún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Ara ọmọ náà balẹ̀. Ó wojú ìyá àgbà, ó bi í ní èdè Jámánì pé, "Kommt Tante Fèyí mit uns nach Hause?" Ṣé Àǹtí Fèyí máa bá àwọn lọ sílé ni?

Ọmọ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu bàbá. Gbogbo ohun tí Adéọpẹ́ ti tò kalẹ̀ nínú ọkọ̀ fò lọ. "Ohun tí mo bá wá náà nìyẹn, mà," ló lè sọ.

Fèyísọ́lá wojú ìyá rẹ̀. "Mo fẹ́ lọ, Màámi. Mi ò ní lọ láìjẹ́ pé ẹ súre fún mi, ṣùgbọ́n mo fẹ́ lọ."

Ìyáàfin Oyèníkẹ́ la irun ọmọ náà sí méjì gbọọrọ, ó fi òróró sí i.

"Láti ọjọ́ tí mo ti dé Hamburg," ó ní, "mi ò di irun lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ará ilé mi. Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ jẹ́ n ráyè parí orí ọmọ ọmọ mi."