Pupa Tí Ìyá Ọkọ Mi Fẹ́

Bó bá pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ rín in. Ojú mi ló ṣe, mi ò sì bù mọ́ ọn.

Lọ́dún 2006 ni, ní Gonzagueville, létí òkun ní Abidjan. Oyún mi ti wọ oṣù kẹsàn-án. Ìyá mi ti kú, ẹ̀rù ìbímọ sì ń bà mí gan-an. Ìyá ọkọ mi gbà láti wá tọ́jú mi láti Èjìgbò, ṣùgbọ́n ó ní bí yàrá òun kò bá wu òun, òun máa wọ bọ́ọ̀sì padà ni. Mo bi í lórí fóònù pé ọ̀dà wo ni ká fi kun yàrá náà. Ó ní, "Pupa." Fóònù kú, kò sì lọ mọ́ títí ó fi wà lójú ọ̀nà.

Ìjà dé. Kassim, ọkọ mi, tí wọ́n bí sí Abidjan, ra ọ̀dà tó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Èmi tí mo dàgbà sí Èjìgbò ra èyí tó pọ́n bí ìbẹ́pẹ.

"Pupa, c'est rouge," ni Kassim wí, ó na ìka sí ọ̀dà tirẹ̀. "Jaune bíi ti ìbẹ́pẹ yìí kì í ṣe pupa."

"Ẹ bi ìyá yín wò."

A pín ògiri sí méjì, kálukú kun tirẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró mi.

Ọ̀sán gangan ni. Òkun dákẹ́. Òkun ibẹ̀ kì í dákẹ́. Mo gbọ́ pẹ̀ẹ́ lára ògiri. Ó ṣe díẹ̀, mo tún gbọ́ pẹ̀ẹ́.

A ṣílẹ̀kùn. Kò sẹ́nì kankan. Ojú àtẹ́lẹwọ́ kan wà lára ọ̀dà tèmi, ìka tó kéré jù ti gé. Ẹ̀rọ gàrí ló gé ti ìyá Kassim bẹ́ẹ̀. Kassim jókòó sílẹ̀. Jìnnìjìnnì bò mí, síbẹ̀ mo ráyè sọ fún un pé èmi ni mo jàre. Ibẹ̀ la ti ń jiyàn títí a fi jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí. Ó ní oorun lòun ń sùn bọ̀ láti ọ̀sán. Ọ̀dà gbígbẹ wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, mi ò lè wojú rẹ̀.

Ó wọ yàrá, ó fọwọ́ kan apá tèmi, ó rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí apá Kassim, ó pòṣé. Ojú àtẹ́lẹwọ́ kan wà níbẹ̀ náà, ńlá, ìka rẹ̀ pé. Àríyànjiyàn ò jẹ́ ká rí i.

"Kassim, bàbá rẹ nìyẹn," ó ní. "Bó ti ń ṣe nígbà tó wà láyé nìyẹn. A ò fẹnu kò lórí àwọ̀ kan rí."

Bàbá Kassim ti kú kí Kassim tó mọ̀ ọ́n rìn.

Mo bi í pé, "Màámi, ṣé ẹ máa dúró?"

"Àwa méjèèjì. Tẹ́ ẹní kejì."

Mo tẹ́ ẹ. Ọmọ ń bọ̀, ta ni mo fẹ́ lé?