Okùn Orí Àfárá Tó Já

“Ṣé okùn yìí ṣì ń gbé èèyàn ni, àbí ẹ kàn so ó síbẹ̀ kí àlejò lè máa yà á ní fọ́tò?”

Mahlet ló bi mí bẹ́ẹ̀. Ọmọ Addis Ababa ni, bóyá ló fi ọdún kan jù mí lọ. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wọ ọkọ̀ wá wo àfárá wa. Ó dojú fóònù rẹ̀ kọ mí. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ: “A ń gbààwẹ̀, ẹ padà wá lọ́sàn-án.” Èmi Wubit tí ẹnu mi kì í dákẹ́, n ò sọ ọ́. Orí mi ti wú pé wọ́n ń yà mí ní fídíò, òmùgọ̀ ni mí.

Àwọn ọba àtijọ́ ló fi òkúta kọ́ àfárá yẹn, kí baba ńlá bàbá mi tó dáyé. Ogun ló gé àárín rẹ̀ sínú odò, kò sì sẹ́ni tó tún un ṣe. Láti ìgbà náà, okùn la fi ń kọjá ibi tó já. Èèyàn mẹ́rin á dúró níhà tiwa, mẹ́rin á dúró lódìkejì, wọ́n á so okùn tiwa àti tọ̀hún mọ́ ẹni tó ń lọ lábẹ́ abíyá. Tiwa á máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tọ̀hún á máa fà á. Báyìí ni aláboyún ṣe ń dé ilé ìwòsàn tó wà lọ́hùn-ún, torí ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ yí i po, ìrìn wákàtí márùn-ún ni.

Ariwo odò kì í jẹ́ kí àwa àti àwọn ará ọ̀hún gbọ́ ohùn ara wa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ò sì dé ọ̀dọ̀ wa. Bàbá mi ni olórí okùn níhà ibí. Tó bá fẹ́ pe àwọn ará ọ̀hún, á gbé gábì rẹ̀, aṣọ ìbora funfun tó ní etí pupa, sókè lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá Bayih, olórí tiwọn, á fi tirẹ̀ dáhùn. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń ṣe é, ìkankan ò sì já èkejì kulẹ̀ rí.

Àmọ́ nígbà ààwẹ̀ Màríà, tí a kì í fẹnu kan omi títí di ọ̀sán, okùn kì í ṣí láàárọ̀. Bí gábì bá gòkè láàárọ̀ ààwẹ̀, nǹkan kan ṣoṣo ló túmọ̀ sí: ẹ̀mí kan wà nínú ewu, àlùfáà sì ti ní kí àwọn tó máa fa okùn jẹun kí wọ́n lè lágbára. Ọmọ kékeré mọ̀ ọ́n lábúlé wa.

Ọjọ́ náà, bàbá mi wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kí n jókòó ti okùn. Gábì tó fi ń ṣiṣẹ́ ló wà lórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, odò kún, ó ń ru. Mo rí òkú màlúù kan tí omi ń gbé bọ̀, tó na ẹsẹ̀ sókè, tó sì gba abẹ́ àfárá kọjá. Mo yẹra fún wíwo omi.

“Wubit, jẹ́ ká fi hàn wọ́n jàre!” Yitayal ló sọ̀rọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń mú àlejò kiri. “Èmi fúnra mi ni n ó kọjá.”

“Bọ̀ọ̀dá, kò sẹ́ni tó tíì jẹun nínú wa.”

“Ṣé ẹnu la fi ń fa okùn ni?”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀rẹ́ Yitayal mẹ́ta, ọmọ abúlé wa tó ń gbààwẹ̀ bíi tèmi, ti ń ká apá aṣọ.

“Bàbá mi á pa mí.”

“Ọmọ bàbá ẹ̀! Àbí ìwọ kọ́ lò ń pariwo kiri pé obìnrin pàápàá lè fa okùn? Ó ku ẹnì kan. Wá fà á, tàbí kó o panu mọ́ títí ayé.”

“Ọmọbìnrin á fà á?” Mahlet pàtẹ́wọ́. “Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ yà! Gbogbo ayé ló máa rí ẹ.”

Gbogbo ayé. Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa mí. Mo mú gábì bàbá mi, mo dà á bo èjìká, mo gbé e sókè lẹ́ẹ̀mejì.

Lódìkejì, àwọn tó ń ṣọ́ okùn tiwọn kọ́kọ́ dúró sójú kan. Lẹ́yìn náà ni mo rí Bàbá Bayih tó yọ jáde láti ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó ń sáré. Arúgbó ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin, kò wọ bàtà, ó ń sáré nínú ẹrẹ̀, àwọn ọkùnrin sì ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń já búrẹ́dì jẹ bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi. Mo ṣì lè ju gábì yẹn sílẹ̀ nígbà náà kí n fọwọ́ júwe pé rárá. Fóònù Mahlet wà lójú mi, n ò ṣe é.

Yitayal rọ̀ mọ́ okùn, ó ń juwọ́ sí àwọn àlejò. Títí ó fi dé àárín, kò sí wàhálà. Ibẹ̀ ni ebi ti mú kí ojú ṣú Getu, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ Yitayal tó wà níwájú mi. Ó kàn wó lulẹ̀ gbì. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kọsẹ̀ lára rẹ̀. Okùn já gbà mọ́ wa lọ́wọ́. Mo dì í mú, ó bó àtẹ́lẹwọ́ mi, síbẹ̀ ó lọ. Yitayal já wálẹ̀, ó fò lọ kọ lu ògiri òkúta lọ́hùn-ún, mo sì gbọ́ igbe rẹ̀ lókè ariwo odò.

Ìwúwo rẹ̀ fẹ́ tú àwọn èèyàn Bàbá Bayih ká. Òun ló yí okùn mọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, tó fi gbogbo ara lélẹ̀. Okùn wọ́ ọ títí dé etí àfárá, kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí Yitayal fà gòkè nìyẹn, itan rẹ̀ ti kán. Ní ti ọwọ́ Bàbá Bayih tí okùn ti fọ́, kò sí ohun tí dókítà rí ṣe sí i, wọ́n gé e.

Bàbá mi kò nà mí. Ì bá sàn kó nà mí. Nígbà tí ààwẹ̀ parí, ó gbé òkúta kan lé mi lọ́rùn, bí ẹlẹ́bi ṣe ń ṣe níbi tiwa tó bá ń lọ tọrọ ìdáríjì. A fẹsẹ̀ rin wákàtí márùn-ún yẹn, òun níwájú, èmi lẹ́yìn.

Bàbá Bayih jókòó síwájú ilé rẹ̀. Mo wólẹ̀ fún un tòkúta-tòkúta.

“Ta ló ń rọbí lọ́jọ́ náà, ọmọ mi?” ó béèrè.

“Kò sẹ́nì kankan, Bàbá.”

“Ta ló ń kú?”

“Kò sẹ́nì kankan.” Ẹkún gbà mí.

Ó fi ọwọ́ kan tó kù gbé òkúta náà kúrò lọ́rùn mi, ó sọ ọ́ sílẹ̀. “Mo dárí jì ẹ́. Mo dárí jì ẹ́ pátápátá, dìde. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi ti ní àwọn ò ní sáré dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́ láti ìhà tiyín, àyàfi tí ẹnì kan bá wá sọ fún wọn lójúkojú.” Ó yíjú sí bàbá mi. “Mo bẹ̀ wọ́n títí, ọ̀rẹ́ mi. Wọn ò gbà.”

Lóṣù Kejìlá, ìyàwó àbúrò bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí ní ìdájí. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, bàbá mi gbé gábì sókè léraléra. Àwọn ará ọ̀hún dúró, wọ́n ń wò wá. A gbé obìnrin náà yí òkè po. Ó yè é, ọmọ rẹ̀ kò yè.

Àwọn àgbà ní purọ́ n níyì, ẹ̀tẹ́ ní í mú wá. Ǹ bá fara mọ́ ọn ká ní èmi nìkan ló dé bá. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe fi ẹ̀mí èèyàn pa irọ́ kí ayé lè wò yín. Wọ́n lè dárí jì yín lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ẹlòmíì tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni yóò pè, tí kò sì ní rí ẹni dá a lóhùn.