Igi Òdòdó Ẹnu Ọ̀nà

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ iléèwé. Ìtàn tí mo mú wá kò gùn, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dun ẹni tó ni ín títí dòní.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì kẹrin. Bàbá rẹ̀ gbin igi òdòdó pupa kan sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn kó tó kú. Àràárọ̀ ni ìyá rẹ̀ ń bomi rin ín, tí á máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọkọ rẹ̀ ló dúró síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì gbé ẹ̀ka gbígbẹ tó lẹ̀ mọ́ páálí wọ kíláàsì.

"Ẹ wò ó dáadáa," ó ní. "Ewé mẹ́ta lójú kan, ẹ̀gún tó tẹ̀ bí ìwọ̀, èso dúdú. Ẹyẹ ń jẹ ẹ́, ó sì ń fi ìgbẹ́ rẹ̀ tú hóró náà káàkiri. A ò tíì mọ̀ bóyá yóò gba ilẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́. Kí oníkálukú máa ka èyí tó bá hù nítòsí rẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Bó bá ti ju mẹ́wàá lọ, a ó hú ìyá igi tí wọ́n gbìn sílé lágbègbè náà, torí òun ló ń fọ́n hóró."

Ọ̀rẹ́ ọmọ náà fi ìgbúnwọ́ gún un. "Igi yín rèé o. Ìyá rẹ á lé olùkọ́ wa wọgbó."

Ní Sátidé àkọ́kọ́, létí odò, lẹ́bàá oko ẹ̀fọ́ ìyá rẹ̀, ọmọbìnrin náà ka mẹ́ta. Sátidé kejì, méje. Ẹ̀kẹta, mẹ́rìnlá. Ó rántí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú korobá omi nídìí igi náà. Ó kọ méje. Méje náà ló ń kọ títí ọdún fi parí, kò tilẹ̀ lọ síbẹ̀ mọ́.

"Ó dáa tí kò pọ̀ sí i," olùkọ́ sọ, ó sì máàkì ìwé rẹ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìyá rẹ̀ ti oko dé pẹ̀lú ọwọ́ tó ya yánnayànna.

"Ẹ̀gún ti bo gbogbo ebè mi. Ìgbà wo ni nǹkan yìí débẹ̀?"

Ọmọ náà mú ìwé jáde, ó sì jẹ́wọ́. Ìyá rẹ̀ dìde. Ó mú ọkọ́, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìdí igi náà.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá ló gbìn ín."

"Òun náà ló ṣán oko yẹn. Ká ní o sọ fún mi nígbà tó wà ní mẹ́rìnlá, ọwọ́ lásán là bá fi fà á tu."

Oko náà ò bọ̀ sípò mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tójú yín bá rí ni kẹ́ ẹ kọ, kódà bó bá máa dun ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn. Irọ́ tẹ́ ẹ bá fi ṣàánú rẹ̀ lónìí, ẹni náà gan-an ló máa sanwó rẹ̀.

Ìyàwó mi ni ọmọbìnrin náà, òun ló sọ ọ́ fún mi. Sátidé lòní. Ó ti mú ìwé àti ọkọ́, ó ti lọ sétí odò láti ka èyí tó bá tún hù, kó sì hú u.