Fọ́tò Tí Kò Fẹ́ Gbẹ

Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé, ó sì ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kì í fi kún ọ̀rọ̀, kì í sì í yọ nínú rẹ̀. Ojú mi ló ṣe, ọwọ́ mi yìí ni mo sì fi kàn án. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà á, ẹni tó bá fẹ́ kó kọ̀ ọ́. N kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Màmá mi ló ní kí n tẹ fọ́tò kan fún àwọn. Àwa mẹ́rin la wà nínú rẹ̀: Bàbá, Màmá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àti èmi. Wọ́n ní ti inú fóònù kéré jù fún ojú àwọn, àwọn fẹ́ èyí tí àwọn máa gbé sí férémù, kí àwọn lè máa rí ọmọ àwọn.

Ibí yìí ni kí n ti jẹ́wọ́. Bàbá ti kú láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi náà ti kú. Ó pé ọdún mẹ́ta tí ẹnì kan pè mí láti ìlú tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́, pé ilé tí wọ́n ń kọ́ wó lù ú. Mo lọ. Mo bu iyẹ̀pẹ̀ lé e lórí. N kò sọ fún Màmá. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu sọ ọ́ fún obìnrin tí àyà rẹ̀ ti ń já láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti lọ? Mo ní kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbi tó wà. Lóṣooṣù ni mo ń bá a jẹ́ iṣẹ́ tí kò rán mi. "Ẹ̀gbọ́n ní kí n kí yín." Màmá á ní, "Kó máa tọ́jú ara ẹ̀." Irọ́ yẹn ti di iṣẹ́ kejì fún mi.

Mo ra pépà fọ́tò, irú èyí tó ń dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ogún ni wọ́n dì sínú páálí kan tí kò ní orúkọ lára. Ọ̀sán Sátidé ni. Ilé dákẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi kùn, ó pọ fọ́tò jáde. Mo fi àtàǹpàkò kàn án, íńkì sì lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ògiri ẹ̀yìn wa ti gbẹ. Àga ti gbẹ. Bàbá ti gbẹ. Àwa mẹ́ta tó kù ṣì tutù.

Inú bí mi. Mo yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀yìn pépà ni mo tẹ̀ ẹ́ sí. Ojú tó ń dán ni. Mo wo kọ̀ǹpútà: pépà lásán ni mo yàn níbẹ̀. Mo yí i sí pépà tó ń dán. Mo dín íńkì kù. Mo ń ki pépà bọ̀ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo sá òmíràn sóòrùn títí etí rẹ̀ fi ká. Pépà méje ló bá a lọ. Lórí gbogbo wọn, nínú àwa mẹ́rin, Bàbá nìkan ló gbẹ.

Mo ránṣẹ́ pe atúnṣe tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ta-ló-fọwọ́-kàn-án, torí ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ bi èèyàn nìyẹn.

"Ta ló fọwọ́ kàn án?"

"Èmi ni. Ẹ̀rọ mi kọ́?"

"Ẹ̀yin tísà! Gbogbo nǹkan lẹ mọ̀ tán."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó tú ẹ̀rọ, ó nù ún, ó tò ó padà. Ó ní bóyá fọ́tò wa ló níṣòro, kí òun fi ti òun dán an wò. Ó mú ọ̀kan láti inú fóònù rẹ̀: òun àti ìyàwó rẹ̀ tó kú lọ́dún tó kọjá, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan.

Fọ́tò jáde. Ó ní sùúrù díẹ̀. Ó fi ìka kan ara rẹ̀ nínú fọ́tò: íńkì. Ó fi kan ìyàwó rẹ̀: ó ti gbẹ. Ó tún fi kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, jẹ́jẹ́, bí ìgbà téèyàn ń fọwọ́ kan ọmọ tó ń sùn. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Tísà," ó rọra ní, "ta ló ti kú nínú yín?"

Màmá wà ní pálọ̀. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. N kò gbọ́ ìró kankan níbẹ̀, àní ìró àga.

"Bàbá mi nìkan," mo dáhùn sókè.

Ó mi orí. "Ó bára mu nìyẹn."

Kò bára mu. Òkú méjì ló wà nínú fọ́tò wa, ọ̀kan ṣoṣo ló gbẹ. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì jáde láì dágbére.

Nígbà tí mo yíjú, Màmá ti dúró lẹ́yìn mi. N kò mọ ìgbà tí wọ́n dé. Wọ́n gbé ìka lé àyà ẹ̀gbọ́n mi nínú fọ́tò, wọ́n sì wo íńkì tó wà lórí ìka náà.

"Ó tutù," wọ́n ní.

"Pépà yẹn ni kò dáa, Màmá."

"Mo gbọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ. Jókòó."

Mo jókòó.

"Ẹni tó pè ẹ́ lọ́jọ́ yẹn, èmi ló kọ́kọ́ pè."

"Màmá..."

"Mo wò ó pé tí mo bá ní mo ti mọ̀, o ò ní rí nǹkan fi mú ara le mọ́. Ọdún mẹ́ta lo fi ń bá a kí mi. Èmi náà ń dáhùn."

Mo sunkún. Ojú tì mí, àánú wọn sì ṣe mí. Wọn ò pa mí lẹ́kún. Fọ́tò ni wọ́n ń wò.

"Nígbà tó o débẹ̀, ṣé o rí ojú ẹ̀?"

Mo nu ojú mi.

"Mo ní ṣé o rí ojú ọmọ mi?"

"Wọ́n ti kan pósí kí n tó dé."

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń dún kẹ́, kẹ́, bó ṣe ń tutù.

"Lọ wá ẹ̀gbọ́n ẹ," ni Màmá wí.

Àná nìyẹn. Gáréèjì ni mo ti ń kọ èyí, nínú ọkọ̀ tí kò tíì kún. Ìrìn ọjọ́ kan àti ààbọ̀ ni. N kò mọ ẹni tí mo bu iyẹ̀pẹ̀ lé lórí, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Láti òwúrọ̀ ni Màmá ti ń fọwọ́ kan fọ́tò náà, tí wọ́n ń pè mí. Ní aago méje, wọ́n ní ó ṣì tutù. Ní aago mẹ́jọ, ó ṣì tutù. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún pè tán báyìí. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì ti gbẹ nínú fọ́tò, gbígbẹ náà sì ti ń gun orúnkún bọ̀.

Dẹ́rẹ́bà ní ó ku èrò méjì.