Ẹni Tó Sọ̀ Kalẹ̀ Lórí Òkè Pákó

Ẹni tó bá fẹ́ lè pè é ní àlá, ṣùgbọ́n ó ṣojú Ṣìkẹ́mi kòrókòró. Kò sùn. Kò mu nǹkan kan ju tíì lọ. Ọ̀sán Sátidé kan ni, lọ́dún 1996, nínú ọgbà ìṣeré kan tí kò jìnnà sí ìlú Padua ní Ítálì. Ìjọ wọn ní Arcella ló kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀.

Kùrukùru bo ilẹ̀. Òkè pákó tí àwọn ọmọdé ń fi ọkọ̀ gùn ṣeré níbẹ̀ dúró nínú rẹ̀ bí egungun ẹja tí wọ́n jẹ tán. Igi lókè, igi nísàlẹ̀, ọkọ̀ kékeré ń gùn ún, ó ń já wálẹ̀ ṣòòròṣò. Ṣóńṣó rẹ̀ kò hàn. Ariwo pákó nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Kẹ̀ẹ̀. Kẹ̀ẹ̀.

"Mamma, ti prego! Una volta sola!" Victory, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, rọ̀ mọ́ aṣọ Ṣìkẹ́mi, ìyá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ní òun fẹ́ gùn ún.

"Fi Yorùbá bẹ̀ mí, màá gbà."

"Non lo so dire."

"O mọ̀ ọ́n sọ. Ọ̀lẹ ni ẹ́."

Adélékè, bàbá ọmọ, rẹ́rìn-ín. "Ìyá Victory, jẹ́ kó lọ jàre. Èdè ibi tá a bí i sí ló ń sọ."

"Ó dáa, lọ. Ṣùgbọ́n tó o bá sọ̀ kalẹ̀, Yorùbá lo máa fi ròyìn fún mi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, má wá bá mi."

Ọmọ náà sáré wọ ọkọ̀. Ọkọ̀ gòkè. Kùrukùru gbé e mì.

Ariwo dákẹ́. Ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn náà ọkọ̀ já wálẹ̀, àwọn ọmọ ìjọ tú jáde, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Victory ló kẹ́yìn. Ó rọra ń bọ̀. Ó dé iwájú ìyá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí òkúta tútù, orúnkún méjèèjì.

"Ẹ kú ìdúró, Màmá mi."

Ṣìkẹ́mi fà á dìde. Ta ló kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀?

"Òkè yẹn ga púpọ̀. Atẹ́gùn ibẹ̀ tutù. Ẹ̀yin nìkan ni mò ń rí."

"Nínú kùrukùru yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Adélékè pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ Yorùbá! Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti gbé e gun pákó tipẹ́! Ẹ jẹ́ ká máa lọ, pullman tó gbé wa wá fẹ́ gbéra."

Ìgbà náà ni Ṣìkẹ́mi gbọ́ ọ. Lókè. Nínú kùrukùru.

"Mamma! Mamma, aspettami!"

Ohùn náà há díẹ̀. Ọ̀fìnkìn ti ń ṣe Victory láti àárọ̀.

"Bàbá Victory, ṣé ẹ gbọ́?"

"Kí ni?"

"Ọmọ wa ń pè mí. Ó ní kí n dúró de òun."

"Èyí tó ń wò ọ́ lójú yìí?"

Ó mi orí, ó kọjá sí ẹnu ọ̀nà.

Ṣìkẹ́mi wo ọmọ náà. Imú rẹ̀ gbẹ. Àpá kékeré àgbọ̀n rẹ̀ wà níbẹ̀. Eyín tó yọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, àyè rẹ̀ ṣófo. Ọmọ òun ni. Ọmọ òun kọ́.

"Ẹ má wòkè mọ́, Màmá mi. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

Ó di ọwọ́ Ṣìkẹ́mi mú. Ọwọ́ ọmọ náà gbóná, ó rọ̀.

Pákó tún ké. Ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò sì wọ ọkọ̀ mìíràn. Ó dúró lẹ́yìn Ṣìkẹ́mi.

Bàbá arúgbó tó ń darí rẹ̀ bẹ inú rẹ̀ wò. "Signora! Sua figlia non scende?" Ó ń bi í léèrè ìdí tí ọmọ rẹ̀ kò fi sọ̀ kalẹ̀.

Ẹnì kan ń sunkún nínú ọkọ̀ náà, díẹ̀díẹ̀.

Ṣìkẹ́mi fẹ́ yíjú. Ọwọ́ tó wà nínú ọwọ́ rẹ̀ fà á padà.

"Màmá mi, bí ẹ bá mú ẹni tó wà nínú ọkọ̀ yẹn lọ sílé, èmi ńkọ́?"