Lẹ́ẹ̀kan tí Kò Kù Síbì Kan

Àwo àlìkámà ni Mirsini gbé dání lọ́jọ́ tí Ignatis kọ́kọ́ rí i. Ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé abúlé wa ní etíkun Lesvos, erékùṣù kan nílẹ̀ Gíríìsì, ni, láti wá ṣe akọrin ìjọ. Òun ló ń ka ìwé àwọn àpọ́sítélì, òun náà ló ń kọrin níbi ìrántí òkú.

"Orúkọ ta ni kí n pè?" ó bi í.

"Prokopis. Ọkọ mi."

"Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilẹ̀ dẹ̀ ẹ́ lára."

"Kò sí nínú ilẹ̀. Òkun ló mú un lọ."

Ignatis wo àwo náà, àlìkámà sísè, ṣúgà lórí rẹ̀, álímọ́ńdì tí wọ́n fi ya àgbélébùú. "Ẹ má bínú," ló sọ.

Lọ́dọ̀ wa, wọ́n máa ń se àlìkámà fún òkú lógójì ọjọ́, wọ́n á tún sè é tó bá pé ọdún. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọjọ́ ìrántí gbogbo òkú. Àmọ́ Mirsini ń sè é lóṣooṣù, ọdún kẹfà rèé. Kì í sunkún. Inú rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé títí tó fi kú. Ó wà níbẹ̀, àmọ́ kò mọ nǹkan kan lára.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, Ignatis ka ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Róòmù. Nígbà tí ìsìn parí, Mirsini dúró dè é nínú àgbàlá.

"Ọ̀gá akọrin, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu yín. Efápax. Ṣebí owó tí ìjọba ń kó fún tíṣà lẹ́ẹ̀kan náà, tó bá ti fẹ̀yìn tì, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

Ignatis rẹ́rìn-ín. "Òun náà ni. Pọ́ọ̀lù ò ṣáà rí tiẹ̀ gbà."

Mirsini ò rẹ́rìn-ín. Ó ń retí ìdáhùn.

"Lẹ́ẹ̀kan ni ìtumọ̀ rẹ̀," Ignatis ní, "àmọ́ kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan tí èèyàn á tún ṣe lọ́la. Lẹ́ẹ̀kan tó ti tó ni, tí kò kù síbì kan. Àwọn àlùfáà ayé ijọ́un, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pa ẹran. Jésù fi ara rẹ̀ rúbọ efápax, ó tán. Ikú tó kú náà, efápax ni, ikú ò lè rí i mú mọ́."

"Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti lò ó?"

"Ó tún wà níbi tí Jésù ti fara han àwọn ará tó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ìyẹn ni pé gbogbo wọn rí i pọ̀, lẹ́ẹ̀kan náà." Ó wolẹ̀. "Mirsini, Prokopis náà, ẹ̀ẹ̀kan ló kú. Ẹ̀yin lẹ wá ń pa á lóṣooṣù."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà dun Mirsini. Kò dùn ún. Àmọ́ nígbà tí oṣù yí, kò gbé ìkòkò kaná.

Pelagia, ìyá ọkọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé, ló kọ́kọ́ rí i. "Ìyàwó, àlìkámà dà?"

"Mi ò sè é, Ìyá."

"O ò sè é. Akọrin ti kọrin gbé ọmọ mi kúrò lọ́kàn ẹ, àbí? Mo ń wò yín o. Mo darúgbó ni, mi ò fọ́jú."

Lóòótọ́, Ignatis ti ń yà lọ́dọ̀ rẹ̀ nínú oko ólífì. Ó ń bá a ká èso, ó ń bá a ṣàwàdà, ó ń pè é ní Mirsini mi. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, olólùfẹ́ mi."

"Ignatis, mi ò mọ nǹkan kan lára. Mi ò fẹ́ tàn ẹ́."

"Èmi á máa bá àwa méjèèjì mọ̀ ọ́n ná."

Ibi tí wọ́n bá a dé nìyẹn tí àlùfáà àgbà wa fi kú. Bíṣọ́ọ̀bù ránṣẹ́ pé Ignatis lòun fẹ́ fi joyè àlùfáà. Lọ́dọ̀ wa, àlùfáà lè láya, àmọ́ kó tó joyè ló gbọ́dọ̀ ti gbé e, aya ọ̀hún kò sì gbọdọ̀ jẹ́ opó. Ẹni tó bá joyè láìláya, bẹ́ẹ̀ ni yóò wà títí ayé.

Gbogbo abúlé ń wo Mirsini. Aristarkos tó ń ṣe búrẹ́dì ò tiẹ̀ fi bò. "Mirsini, fọwọ́ wọ́nú. Ta ni yóò sin wá? Àlùfáà tó ń wọkọ̀ ojú omi wá láti erékùṣù mìíràn? Bí ìjì bá jà, òkú á máa jókòó dè é bí ẹni tó ń dúró de ẹrù."

Ignatis wá bá a lóko. "Bí o bá lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, o máa fẹ́ mi, mo máa ní kí bíṣọ́ọ̀bù wá ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni nìkan ni mo fẹ́ gbọ́."

Ẹ̀rù ba Mirsini. Ó bẹ̀rù abúlé, ó bẹ̀rù ìyá ọkọ rẹ̀, àmọ́ èyí tó bẹ̀rù jù ni inú ara rẹ̀ tí kò dáhùn. "Jẹ́ kí n rò ó," ló sọ.

Ignatis dúró títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó lọ sílùú. Wọ́n á fi í joyè díákónì, oyè tó ṣáájú ti àlùfáà, ní Sátidé, wọ́n á fi í joyè àlùfáà ní Sunday. Mirsini rò pé òun ṣì ní títí di Sunday. Àlùfáà ni gbogbo wa máa ń sọ pé kì í gbéyàwó. Ta ló ń ro ti díákónì?

Láàárọ̀ Sátidé, ó ń kó igi sínú ààrò, iná jó o lọ́wọ́. Ó ta á. Ó wo ọwọ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, kò sì lè dákẹ́. Ó wá mọ̀ pé òun ò fẹ́ kí Ignatis lọ.

"Ìyá, mò ń lọ bá a."

Pelagia wò ó títí. "Wọ aṣọ tó dáa," ló sọ. "Má wọ dúdú."

Ọ̀sán ti pọ́n kí bọ́ọ̀sì tó gbé e délùú. Ó bá Ignatis lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, nínú aṣọ gígùn, ọ̀já oyè díákónì ti wà léjìká rẹ̀ òsì.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Mirsini sọ kí ọkùnrin náà tó la ẹnu. "Mo wá sọ ọ́ kó tó di ọ̀la."

Ojú Ignatis yí padà. "Mirsini mi, láàárọ̀ yìí ló ti parí. Bí èèyàn bá ti di díákónì, kò lè gbéyàwó mọ́."

"Mi ò mọ̀."

"Mi ò sì sọ fún ọ. Mo rò pé dídákẹ́ tí o dákẹ́ ni ìdáhùn rẹ."

Wọ́n dúró síbẹ̀. Àwọn èèyàn ń gba àárín wọn kọjá wọlé. Ọwọ́ tó jóná ń ta Mirsini, ìyẹn nìkan ló mọ̀.

Nígbà tó di Sunday kejì, abúlé kún ṣọ́ọ̀ṣì fọ́fọ́. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n tò láti gba búrẹ́dì, kí wọ́n sì fẹnu ko ọwọ́ àlùfáà tuntun. Aristarkos ń nu ojú. Pelagia di Mirsini lápá mú títí ó fi kàn án.

"Ẹ súre fún mi, Bàbá."

"Kí Olúwa bù kún ọ, ọmọ mi."

Ó tẹrí ba, ó fẹnu kò ó lọ́wọ́. Ó gba búrẹ́dì rẹ̀, ó sì yà fún ẹni tó wà lẹ́yìn.