Ilé Tó Wúwo Ju Ọkọ̀ Lọ

"Fín in dáadáa sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ibẹ̀ gan-an lòórùn yẹn ti ń jáde."

Ẹnudùnjuyọ̀ fi ọwọ́ kan bo imú, ó sì tún tẹ agolo lọ́fínńdà náà. Òórùn òdòdó pàdé òórùn tìmùtìmù tó ti bu, àmọ́ kò borí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ilé onítáyà ni bàbá yìí ń tà, ilé kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ rìnrìn àjò, tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti táǹkì omi nínú. Èyí tí wọ́n ń fín lọ́fínńdà sí yìí ló tóbi jù nínú àgbàlá wọn. Ọdún kejì rèé tó ti wà lójú kan, tí òjò ń jò sínú rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ẹnudùnjuyọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí bó bá ti la ẹnu, kódà olùkọ́ tínú ń bí á rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ náà ti mọ ohun tí ẹnu yẹn lè ṣe.

"Bí ilé yìí bá lè kúrò ńlẹ̀ lónìí," ó ní, "wàá bá kíláàsì yín lọ sí ìrìn àjò yẹn. Mo ti ṣèlérí."

Ọkàn Ẹnudùnjuyọ̀ fò sókè. Òun nìkan ni kò tíì forúkọ sílẹ̀ nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti ń pín ibùsùn láàárín ara wọn lójú rẹ̀, bí ìgbà tí kò sí níbẹ̀.

Nígbà tó di aago mẹ́wàá, ọkọ̀ kékeré kan wọlé. Àgbà obìnrin méjì ló sọ̀ kalẹ̀, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò.

"Agbẹ̀bí ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì," àbúrò sọ. "Bí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi yìí ló ń bá mi wo àwọn ọmọ. A ti darúgbó báyìí, a ò sì fojú rí òkun rí. Ibẹ̀ la fẹ́ lọ."

"Bó bá sì gbé mi lọ, kẹ́ ẹ má wulẹ̀ wá mi," ẹ̀gbọ́n fi kún un, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín.

Bàbá ní kí Ẹnudùnjuyọ̀ wo inú ìwé tó bá ọkọ̀ wọn wá. Ó wò ó. Ẹgbẹ̀rún kan kílò ni ọkọ̀ náà lè fà, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ̀fà kílò sì ni ilé ńlá yẹn lófìfo. Bí wọ́n bá bu omi sí i, tí wọ́n gbé gáàsì àti ẹrù sí i, yóò lé ní ẹgbẹ̀je. Wọ́n kọ ọ́ sára irin pẹlẹbẹ kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n bàbá ti lẹ sítíkà ẹyẹ aláràbarà kan mọ́ ọn lórí láàárọ̀ yẹn. Ilé kékeré kan wà ní igun àgbàlá tí kò ní tó ẹgbẹ̀rin kílò tòun tẹrù. Ìyẹn gan-an ló bá ọkọ̀ wọn mu. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Agbẹ̀bí náà yíjú sí i. "Ọmọ mi, ìwọ tó o mọ̀wé, ṣé ọkọ̀ wa á lè fa èyí ńlá yìí?"

Bàbá wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Á fà á, Mà," ni Ẹnudùnjuyọ̀ wí. "Ọkọ̀ yín kéré lójú ni, ó lágbára."

Bó ti ń sọ ọ́ ló ń rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó dùn bí oyin, ó sì rí i lára. Àwọn ìyá náà sanwó, wọ́n so ilé ńlá náà mọ́ ọkọ̀ wọn, wọ́n sì lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, fóònù bàbá dún, ọlọ́pàá ló ń pè. Níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í jù sọ́tùn-ún sósì bí ìrù. Agbẹ̀bí tẹ bíréèkì, ilé ò dúró. Ó ti ọkọ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì wọ́ ọ sínú kòtò. Egungun ìbàdí ẹ̀gbọ́n ti ṣẹ́.

"Eré ni wọ́n sá," bàbá wí, ó ń jẹ ẹran lọ. "Arúgbó wo ló ń wakọ̀ lọ wòkun?" Ó fi èékánná fa ẹran tó há sí i léyín yọ, ó wò ó, ó sì dá a padà sẹ́nu. "Dìde. Wọ́n ti wọ́ ilé yẹn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Bí mo bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, kó o yọ́ lọ fi ọ̀bẹ yìí họ sítíkà yẹn kúrò."

Ẹnudùnjuyọ̀ wo ọ̀rá tó ń dán létè bàbá rẹ̀. Àfi bí ẹni pé kò rí ọkùnrin yìí rí. Ohun tó tún burú jù ni pé ó mọ̀ pé òun náà ti lọ́wọ́ sí ìwà yẹn.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ilé náà dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ògiri rẹ̀ ti ya, tìmùtìmù tó ti bu yọ síta bí ìfun. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò họ nǹkan kan. Ó rìn lọ bá ọlọ́pàá obìnrin tó ń kọ̀wé.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ìwọ̀n rẹ̀ wà lábẹ́ sítíkà yẹn. Bàbá mi ló lẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo sọ fún wọn pé ọkọ̀ wọn á fà á, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni."

"Ṣé orí ẹ dàrú ni?" bàbá pariwo. "Bàbá tó bí ẹ lò ń tà?"

"Àwọn ìyá yẹn la kọ́kọ́ tà, Dádì."

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sílé ìwòsàn. Agbẹ̀bí jókòó ti bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n ti fi báńdéèjì gbé apá òun náà kọ́rùn. Ẹnudùnjuyọ̀ kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé ọlọ́jà ni bàbá rẹ," agbẹ̀bí ní. "Ìdí nìyẹn tí n ò fi bi í. Ìwọ ni mo bi."

"Ẹ dárí jì mí, Mà."

"Dìde máa lọ. Bó bá tó àkókò tí mo lè dárí jì ọ́, màá ránṣẹ́ pè ọ́."

Ẹnudùnjuyọ̀ dìde, ó jáde. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.

Ìjọba ti àgbàlá náà pa fún oṣù mẹ́ta, wọ́n sì ní kí bàbá san owó ìtọ́jú àwọn ìyá méjèèjì. Odidi oṣù kan ni kò fi bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kíláàsì rẹ̀ lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n ń fi fọ́tò yangàn. Ẹnudùnjuyọ̀ ò jowú. Nígbà tí wọ́n ṣí àgbàlá padà, òun ló ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó wá ra ilé tí Ẹnudùnjuyọ̀ kì í kọ́kọ́ ka ìwọ̀n ilé náà àti ti ọkọ̀ sí létí ketekete. Àwọn kan ń gbọ́ ọ, wọ́n ń pa dà lọ láìrà. Bàbá á pòṣé. Ọmọ náà á máa ka ìwé rẹ̀ lọ.

Ìránṣẹ́ agbẹ̀bí ò tíì dé. Ṣùgbọ́n ó ti yé Ẹnudùnjuyọ̀ pé ẹni tó bá bi wá léèrè ohun tí kò mọ̀, ẹ̀mí rẹ̀ ló gbé lé wa lọ́wọ́. Kò yẹ ká fi ṣòwò, ìbáà jẹ́ òbí ẹni ló ní ká fi ṣe é.